Àmì Orí A

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ fún yín pé mo mọ iṣẹ́ mi. Bí mo bá ní lẹ́tà kan ga ní ogún sẹ̀ǹtímítà, ẹ gbé téèpù yín wá, ẹ wọ̀n ọ́n, ogún náà lẹ máa bá níbẹ̀. Àwọn ayàwòrán orí kọ̀mpútà kan wà ní Ìkirè níbí tó jẹ́ pé ojú ni wọ́n fi ń díwọ̀n. Wọ́n á fi máòsì fa àwòrán síhìn-ín, fà á sọ́hùn-ún, títí yóò fi jọ ohun tí oníbàárà fẹ́, wọ́n á ní ó ti dé. Irú wọn máa ń bí mi nínú. Èmi gbà pé ojú lè purọ́, ṣùgbọ́n nọ́ńbà kì í purọ́. Mo gbà bẹ́ẹ̀ títí di Sátidé tí a ṣí ilé tí ẹ̀gbọ́n mi kọ́ fún Màámi ní Àpòmù.

Àbdùlràhmọ̀n ni ẹ̀gbọ́n mi yẹn ń jẹ́, òun ni àkọ́bí. Ẹ má bínú pé mò ń pè é ní "ó". Lójú rẹ̀, "ẹ" ni mo fi ń bá a sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n inú ṣì ń bí mi sí i díẹ̀. Àbújá ló ń gbé, Ọlọ́run sì ṣe é fún un níbẹ̀. Ó ti pinnu tipẹ́ pé Màámi ò ní darúgbó sínú yàrá kan ṣoṣo tí wọ́n ti ń ta epo pupa láti ìgbà tí wọn ò tíì bí wa. Ó ra ilẹ̀ sí Àpòmù, ó kọ́ ilé oníyàrá mẹ́ta síbẹ̀, ó fi ògiri gíga yí i ká, ó fi géètì onírin dé e lẹ́nu. Ọdún mẹ́rin gbáko ló gbà á. Àǹtí Humairah tó tẹ̀ lé e ra àga àti kọ́tìnnì. Èmi Qaosarat ni àbíkẹ́yìn. Èmi ni mo sá kúrò ní ilé ìwé nọ́ọ̀sì lọ́dún kejì nítorí pé ara mi ò gbà á, tí mo lọ kọ́ iṣẹ́ kọ̀mpútà. Láti ìgbà náà, bí wọ́n bá ń pín ohun tí oníkálukú máa ṣe nínú ẹbí, ẹ̀gbọ́n mi á ní kí wọ́n fi Qaosarat sílẹ̀, kò tíì fìdí kalẹ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn máa ń ta mí lára ju èébú lọ.

Nítorí náà, nígbà tí mo gbọ́ pé bíríkìlà ti fi àyè sílẹ̀ lókè ẹnu ọ̀nà fún orúkọ ilé, mo pe ẹ̀gbọ́n mi lórí fóònù kí ẹnikẹ́ni tó gbà á mọ́ mi lọ́wọ́. Mo ní èmi ni n ó ṣe orúkọ yẹn. Mo ní kì í ṣe ọ̀dà o, lẹ́tà aláwọ̀ wúrà ni, tí yóò yọ síta lára ògiri, ILÉ ÌYÁ. Ó ní ó dáa, kí n má ṣáà dójú ti òun.

Ohun tí mo fẹ́ kò pọ̀. Mo fẹ́ kí Màámi gbójú sókè lọ́jọ́ náà, kí wọ́n rí i pé ọmọ wọn tí kò tíì fìdí kalẹ̀ náà ṣe nǹkan fún wọn. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń wá irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo gun ọ̀kadà lọ sí Àpòmù láàárín ọjọ́ méjì nítorí kí n lè wọn àyè yẹn. Tìmí, bíríkìlà tó ṣe é, ń wò mí bí ẹni tí nǹkan ń ṣe. Lápá òsì, àyè náà ga ní ọgbọ̀n sẹ̀ǹtímítà, lápá ọ̀tún, ó fi mìlímítà mẹ́fà dín. Tìmí ní ta ló máa mọ̀. Mo ní èmi mọ̀ ọ́n. N kò jẹ́ kó sinmi títí tó fi gé e tí apá méjèèjì fi dọ́gba, ó sì ń kùn sí mi ní gbogbo àsìkò náà.

Ìgbà tí mo dé ìdí kọ̀mpútà ni iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Àmì ohùn ló máa ń fa wàhálà bí èèyàn bá fẹ́ fi lẹ́tà ńlá kọ Yorùbá. Bí mo bá ní kí gbogbo lẹ́tà ga ní ogún sẹ̀ǹtímítà, L á jẹ́ ogún lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ á ka àmì orí Á mọ́ gíga rẹ̀. A fúnra rẹ̀ á wá kéré, á dà bí ọmọdé tó ru igbá láàárín àwọn àgbà. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n yọ àwọn àmì náà dànù. Ó ní mélòó ni pátákó tó ní àmì ní gbogbo Ìkirè àti Àpòmù, ta ló tiẹ̀ ń kà á? Mo ní Màámi ń kà á.

Òótọ́ sì ni. Màámi ò lọ ilé ìwé ní kékeré. Ọdún tí wọ́n pé ọgọ́ta ni wọ́n forúkọ sílẹ̀ ní kíláàsì àwọn àgbà tí Tíṣà Afọláyan ń ṣe lẹ́yìn ọjà, àmì ohùn sì ni tíṣà yẹn fi kọ́ wọn, dò, re, mí. Títí di òní, Màámi ò lè ka ọ̀rọ̀ kan láìkọ́kọ́ kùn ún lórin lábẹ́ ahọ́n. Àwa tí a lọ ilé ìwé, ńṣe la máa ń fi ojú fo ọ̀rọ̀ kọjá. Ní ti Màámi, gbogbo ohun tó bá wà níbẹ̀ ni wọ́n ń kà. Bí wọ́n bá rí ọ̀rọ̀ tí kò ní àmì, wọ́n á ní ìhòòhò ló wà.

Mo bá tú orúkọ náà palẹ̀, mo sọ lẹ́tà kọ̀ọ̀kan di àwòrán tó dá dúró, mo sì ń fi nọ́ńbà tún wọn ṣe lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tí kò ní àmì, ogún. Èyí tó ní àmì, mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, kí lẹ́tà fúnra rẹ̀ lè jẹ́ ogún, kí àmì sì gba ìyókù. Mo ṣe é, mo tú u, mo tún un ṣe. Mò ń dìde, mò ń jókòó. Oúnjẹ tí mo rà láàárọ̀ wà nínú ọ̀rá títí ó fi tutù.

Nígbà tó fi máa di ọ̀sán ọjọ́ Ajé, ó ku lẹ́tà A nìkan. Jason, tó ní ẹ̀rọ tó ń gé lẹ́tà ní Ìbàdàn, ti pè mí lẹ́ẹ̀mejì pé bí iṣẹ́ náà kò bá tẹ òun lọ́wọ́ kí aago mẹ́rin tó lù, òun ò ní lè gé e kí Sátidé tó dé. Iná ń lọ, iná ń bọ̀. Àsìkò yẹn gan-an ni Màámi wọ inú ṣọ́ọ̀bù mi.

Wọ́n jókòó sórí àga oníbàárà, wọ́n gbé báàgì wọn lé itan. Wọ́n ní ojú ọjà ni àwọn ti ń bọ̀. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ nípa Ìyá Gàrúbà, ọ̀rẹ́ wọn tó ń gbé yàrá tó tẹ̀ lé tiwọn, pé bí àwọn bá jí láàárọ̀ tí àwọn ò tíì gbọ́ ikọ́ rẹ̀, ọkàn àwọn kì í balẹ̀. Mo ní hẹn. Wọ́n ní ilé Àpòmù yẹn, ògiri rẹ̀ mà ga o. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, Màámi, nítorí olè ni. N kò wo ojú wọn. Mo ti tẹ gíga A, ṣùgbọ́n mo gbàgbé pé àwòrán àgádágodo kékeré ojú kọ̀mpútà tó so gíga pọ̀ mọ́ ìbú ṣì wà ní títì. Bí gíga ṣe lọ sókè, bẹ́ẹ̀ ni ìbú tẹ̀ lé e, A wá fẹ̀ bí ẹni tó yàkàtà. Mo ṣí àgádágodo náà, mo fi máòsì di etí lẹ́tà náà mú, mò ń tì í wọlé díẹ̀díẹ̀.

"Qaosarat," Màámi ní, "mo fẹ́ bá ẹ sọ ọ̀rọ̀ kan."

"Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró ná."

Ohùn mi le ju bí mo ṣe fẹ́ lọ, ọwọ́ mi sì ta kìjí pẹ̀lú rẹ̀. Etí A tí mo dì mú kọjá etí kejì, lẹ́tà náà sì jáde ní òdìkejì. N kò kà á sí. A ni A, yálà ó kọjú sọ́tùn-ún tàbí ó kọjú sósì. Mo tẹ ìbú tó yẹ kó ní, méjìdínlógún, mo tẹ ibi tó yẹ kó dúró sí, gbogbo nọ́ńbà pé pérépéré. Nígbà tó ku ìṣẹ́jú mẹ́ta kí aago mẹ́rin lù, iṣẹ́ náà ti wà lọ́wọ́ Jason. Ìgbà tí mo máa yíjú padà, Màámi ti lọ.

Mo ní lọ́kàn ara mi pé n ó yà sí ilé lọ́jọ́ kejì láti béèrè ohun tí wọ́n fẹ́ sọ. N kò yà.

Ọjọ́rú ni àwọn lẹ́tà náà dé láti Ìbàdàn, wọ́n ń dán bí ohun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi epo pa. Ní Ọjọ́bọ̀, èmi àti Tìmí gun àkàsọ̀. Mo ti tẹ bébà gígùn kan jáde nínú iṣẹ́ kan náà tí mo fi ránṣẹ́, a lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri kí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan lè mọ àyè tirẹ̀. Kò sí èyí tó yẹ̀ nínú wọn. Mo gbé téèpù, mo wọn ọ̀tún, mo wọn òsì, mo wọn òkè àti ìsàlẹ̀. Tìmí ní ṣé ó ti tó báyìí. Inú mi dùn débi pé mo fún un ní owó ọtí ẹlẹ́rìndòdò, mo sì mọ̀ pé n kò ní sùn dáadáa títí di Sátidé.

Ọkọ̀ ẹ̀gbọ́n mi ló gbé Màámi wá láti Ìkirè láàárọ̀ Sátidé náà. Báàgì wọn méjì wà nínú búùtù, nítorí ètò tó wà nílẹ̀ ni pé ọjọ́ yẹn gan-an ni wọ́n máa bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ibẹ̀. Àwọn alfa ti dé, àwọn ẹbí wa láti Ìkòyí àti Orílẹ̀-Òwu ti kún iwájú ilé. N kò lè dúró sójú kan. Mo lọ sẹ́yìn, mo bọ́ síwájú, mo tún ìbòrí mi wé lẹ́ẹ̀mẹrin. Ẹ̀gbọ́n mi di Màámi lọ́wọ́ mú wá síwájú ilẹ̀kùn, ó ní gbogbo ayé ló mọ̀ pé ìyá òun ń lọ sí kíláàsì, ó ní kí wọ́n ka orúkọ ilé wọn fún wa.

Màámi gbójú sókè. Ẹnu wọn ni mò ń wò. Ètè wọn mì, re, mí. Wọ́n dé orí ọ̀rọ̀ kejì, ètè wọn dúró. Wọ́n tún un bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Wọ́n tún dúró síbi kan náà, ojú wọn lẹ̀ mọ́ lẹ́tà tó kẹ́yìn. Lẹ́yìn náà, wọ́n yí ojú padà, wọ́n wá mi rí láàárín èrò, wọ́n wò mí fún ìgbà pípẹ́.

"Ilé ìyá," wọ́n ní, ohùn wọn ròkè.

Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́, àwọn alfa gba àdúrà. Èmi náà gbójú sókè, mo wo A mi. Bí mo ṣe fà á kọjá lọ́jọ́ Ajé yẹn, ńṣe ni mo yí i sódì bí ohun tí èèyàn ń wò nínú dígí. Ká ní L tàbí E ni, ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi á mọ̀. Ṣùgbọ́n kò sí ohun tó yí padà lára A, àfi àmì orí rẹ̀. Àmì tó yẹ kó gòkè ń sọ̀ kalẹ̀. Dò, dò. Lójú àwọn alfa, lójú gbogbo ẹbí, mo ti fi lẹ́tà aláwọ̀ wúrà kọ ILÉ ÌYÀ sí ojú ilé ìyá mi.

N kò gbọ́ nǹkan kan nínú àdúrà tí wọ́n ń ṣe. Mò ń wò káàkiri bóyá ẹlòmíì ti rí i, kò sẹ́ni tó rí i. Ẹ̀gbọ́n mi dúró sábẹ́ rẹ̀ gan-an, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń ya fọ́tò. Mo yọ́ lọ bá Tìmí nídìí oúnjẹ, mo bi í bóyá a lè tú lẹ́tà kan sílẹ̀ báyìí báyìí. Ó ní gọ́ọ̀mù tí mo ní kí òun lò yẹn, bí a bá tú u, ògiri á bá a wá. Mo lọ sẹ́yìn ilé lọ wo àkàsọ̀. Mo padà. Mo tún lọ. Àǹtí Humairah ló wá pè mí pé Màámi ń béèrè mi nínú yàrá.

Wọ́n jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì tuntun náà, wọn ò ṣí ìbòrí, wọn ò bọ́ bàtà. Wọ́n ní kí n ti ilẹ̀kùn. Mo kúnlẹ̀, mo ní Màámi, ẹ dárí jì mí. Wọ́n na ọwọ́, wọ́n fà mí súnmọ́ra.

"Mo rí ohun tó o kọ," wọ́n ní. "Mo bò ọ́ lójú wọn ni. Ọjọ́ tí mo wá sí ṣọ́ọ̀bù ẹ, mo sunkún délé. Mo ní Qaosarat náà ò gbọ́ mi. Mi ò mọ̀ pé ò ń gbọ́."

Mo gbójú sókè wo ojú wọn.

"Ọmọ mẹ́ta ni mo bí," wọ́n ní. "Ìwọ nìkan lo mọ̀ pé ìyà ni wọ́n fẹ́ fi jẹ mí níbí. Bí mo bá jí, ta ni n ó kí? Ògiri?"

Òótọ́ wà lẹ́nu mi. Mo mọ bí mo ṣe máa sọ ọ́: àṣìṣe ni, Màámi, ọwọ́ mi ló yẹ̀, n kò tiẹ̀ gbọ́ yín lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n wọ́n di ọwọ́ mi mú bí wọn ò ti ṣe dì í mú rí láti ìgbà tí mo ti kúrò ní ilé ìwé nọ́ọ̀sì, ojú wọn sì ń dán. Ohun tí mo ti ń wá láti ọjọ́ pípẹ́ wá ti dé, n kò sì lágbára láti tì í padà. Ojú ara mi tì mí. Dípò òótọ́ yẹn, mo bi wọ́n pé kí ni wọ́n wá fẹ́.

Wọ́n ní, "Mo fẹ́ máa lọ sílé mi."

Mo jáde lọ bá ẹ̀gbọ́n mi. Mo ní kó má kó ẹrù Màámi sílẹ̀. Ó kọ́kọ́ rò pé eré ni. Nígbà tó rí i pé kì í ṣe eré, ó fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì, ó sì sọ gbogbo ohun tó ti wà nínú rẹ̀. Ó ní èmi tí n kò gbé búlọ́ọ̀kù kan sí ilé náà, ojú wo ni mo fi ń pàṣẹ níbẹ̀? Ó ní Àpòmù àti Ìkirè kò jìnnà, ọ̀kadà kan péré ni. N kò bá a jiyàn. Mo ní kó wọlé, kó jókòó, kó béèrè lọ́wọ́ wọn, kó má sì bá wọn dáhùn. Ó wò mí bí ẹni tó fẹ́ gbá mi létí, ó sì wọlé.

Ó pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó jáde, ojú rẹ̀ pọ́n. Ó sọ fún àwọn àlejò pé Màámi á kọ́kọ́ padà sí Ìkirè ná, ilé kò ní sá lọ. Òun fúnra rẹ̀ ló ṣílẹ̀kùn ọkọ̀ fún wọn. Kò gbójú sókè wo ẹnu ọ̀nà, èmi náà ò sì tọ́ka sí i.

Ìyá Gàrúbà ń gbálẹ̀ lọ́wọ́ nígbà tí ọkọ̀ wa dúró. Wọ́n ju ìgbálẹ̀ sílẹ̀, wọ́n ké sí Màámi pé Sàlámọ̀tù, ṣé o ò tíì lọ ni. Àwọn obìnrin yòókù jáde láti yàrá wọn, wọ́n gbé àpótí fún Màámi, wọ́n yí wọn ká. Màámi fi ọwọ́ tọ́ka sí mi. Wọ́n ní èmi ni mo dá àwọn padà. Wọ́n ní àwọn ò là á mọ́lẹ̀ fún mi rárá, ìdajì ọ̀rọ̀ péré ni, mo kàn mọ̀ ni. Àwọn obìnrin náà ń wò mí bí ẹni ńlá. Mo ní Màámi, ọ̀rọ̀ kan wà o, ṣùgbọ́n wọ́n ti gbé ọwọ́ lé mi lórí.

"Bó o ṣe mọ inú mi yìí," wọ́n ní, "Ọlọ́run á fún ẹ ní ọmọ tó máa mọ inú ẹ bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́."

Gbogbo àwọn obìnrin náà ṣe àmín. Ọwọ́ Màámi ṣì wà lórí mi, wọn ò gbé e kúrò, wọ́n ń dúró de tèmi.

Mo ní àmín.